Inú Ni Kí Ẹ Wò: Ìfiwéra Àwọn Kyusu Tí A Fi Ń Rẹ Gíríìn Tíì

Àǹtí mi kan wá kí wa ní Lọ́ńdọ̀n lọ́dún tó kọjá. Mo bu tíì fún wọn nínú ife kékeré kan tí àtẹ́lẹwọ́ àgbà lè bò mọ́lẹ̀ pátápátá. Wọ́n wo ife náà, wọ́n wo ojú mi. "Ṣé oògùn lo fẹ́ fún mi lò ni?" Wọ́n gbé e mu. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n fi ahọ́n tọ́ ètè wò. "Kí lo fi sí i? Ó ń ṣe bí omi ẹja lẹ́nu mi, ó sì tún ń dùn."

Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju ewé àti omi lọ. Ṣùgbọ́n tí àwa bá ti gbọ́ "tíì", Milo tàbí Bournvita ló ń kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn, pẹ̀lú mílíìkì àti ṣúgà. Pípò la mọ̀ fún tíì. Ti àwọn ará Jàpáànì kì í ṣe pípò, rírẹ ni, ìkòkò kékeré tí wọ́n sì ń rẹ ẹ́ sí ni wọ́n ń pè ní kyusu. Àǹtí ní irú èyí tí ó yẹ kí àwọn rà ńkọ́. Mo rò pé ìdáhùn rẹ̀ kò ní gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ilẹ̀ ṣú mọ́ wa lórí ẹ̀.

Ohun tí mo sọ fún wọn nìyí, mo kàn tún un tò díẹ̀ ni. Ẹ̀yìn ìkòkò ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wò rà, bẹ́ẹ̀ inú rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Asẹ́ tó wà nínú kyusu àti ewé tí ẹ fẹ́ máa mu gbọ́dọ̀ bára mu kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọ̀ àti ọnà ara rẹ̀.

Ewé náà ná

Kì í ṣe gbogbo gíríìn tíì Jàpáànì ló nílò kyusu. Matcha, tí wọ́n lọ̀ kúnná bí èlùbọ́, inú abọ́ ni wọ́n ti ń fi ìgbálẹ̀ oparun kékeré lù ú. Kyusu jẹ́ ti ewé tí a kò lọ̀. Ní 1738, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Nagatani Soen, ní agbègbè Uji lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kyoto, gbé ọ̀nà kan jáde: wọ́n á fi ooru omi gbígbóná se ewé tútù, wọ́n á wá máa fi ọwọ́ yí i lórí ohun gbígbóná títí tí yóò fi gbẹ, tí yóò sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́. Sencha ni wọ́n ń pe ewé yẹn, òun ló sì wọ́pọ̀ jù nínú ilé wọn títí dòní. Ní Ṣáínà, yíyan ni wọ́n sábà máa ń yan gíríìn tíì tiwọn, nínú agbada, bí ẹni ń yan gàrí. Ooru omi yẹn ló jẹ́ kí ti Jàpáànì tutù yọ̀yọ̀ lójú, òun náà ló sì ń jẹ́ kí ewé rọ̀, kí ó máa rún. Ẹ fi ọ̀rọ̀ rírún yẹn sọ́kàn. Orí rẹ̀ ni gbogbo wàhálà asẹ́ dúró lé.

Ìdìmú: ẹ̀gbẹ́, ẹ̀yìn, òkè, tàbí kò sí rárá

Èyí tí ojú mọ̀ jù ni yokode, tí ìdìmú rẹ̀ yọ láti ẹ̀gbẹ́ bí ọwọ́ páànù kékeré. Tí ẹ bá kọjú ìdìmú náà sí ara yín, ẹnu tí tíì ń gbà jáde (ẹ rántí bútà) á wà lápá òsì yín. Ẹ ó fi ọwọ́ ọ̀tún di í mú, àtàǹpàkò á tẹ ọmọrí mọ́lẹ̀, ẹ ó sì yí ọrùn ọwọ́ nìkan. Kò sí pé à ń gbé apá sókè. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo ní àṣejù ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan mo rí i pé kò sí ìkòkò mìíràn tí mo lè fi ọwọ́ kan dà títí dé ẹ̀kán tó kẹ́yìn láìdà á sí tábìlì. Wọ́n ń ṣe ti ọlọ́wọ́ òsì pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kò pọ̀ lọ́jà, ẹ ní láti béèrè fún un. (Nílé ìyá mi, kò sí ìkòkò tó lè gbà yín lọ́wọ́ ẹni tó rí yín tí ẹ ń fi òsì bu nǹkan mímu fún àgbà.)

Ushirode ní ìdìmú lẹ́yìn, bí ìkòkò tíì àwọn òyìnbó. Kò ní kọ́ yín ní nǹkan tuntun, ẹni tí ọrùn ọwọ́ ń dùn sì lè fẹ́ràn rẹ̀ ju yokode lọ. Uwade gba ìdìmú rẹ̀ lókè, tí wọ́n sábà máa ń fi oparun tàbí okùn igi ṣe. Ó máa ń tóbi, ti èrò púpọ̀ ni.

Ó ku àwọn tí kò ní ìdìmú rárá. Hohin dà bí abọ́ kékeré tó ní ẹnu, ọmọrí àti asẹ́. Shiboridashi kò tiẹ̀ ní asẹ́: ihò tóóró tó wà láàárín ọmọrí àti etí ìkòkò ló ń dá ewé dúró, nígbà mìíràn pẹ̀lú ìlà wẹ́wẹ́ tí wọ́n fín sí ibi ẹnu rẹ̀. Ẹ máa bi mí pé ọwọ́ wo ni wọ́n fi ń gbé e tí kò fi jó wọn. Omi tó wọ inú rẹ̀ kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀, ti gyokuro, irú ewé tíì kan, ni, a ó dé ibẹ̀. Ẹni tó bá da omi híhó sínú hohin, ìka rẹ̀ á sọ fún un.

Asẹ́, níbi tí owó yín ń lọ

Sencha kan kò rí bí èkejì. Èyí tí wọ́n fi ooru sè fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá máa ń dúró gbọọrọ, ẹ lè ṣa á níkọ̀ọ̀kan. Èyí tí wọ́n sè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta, ni wọ́n ń pè ní fukamushi. Orí ilẹ̀ gíga Makinohara ní ìpínlẹ̀ Shizuoka ló ti gbilẹ̀. Ewé rẹ̀ rún wẹ́wẹ́, tí ẹ bá sì da àpò rẹ̀ sílẹ̀ ẹ ó rí ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé nísàlẹ̀. Kì í ṣe pé ewé náà bàjẹ́, bí wọ́n ṣe ṣe é ni.

Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí ti mọ ibi tí mò ń lọ. Tí asẹ́ bá fẹ̀, èérí á bọ́ sínú omi ògì. Tí ó bá há jù fún ohun tí ẹ dà sí i, omi kò ní lọ, ẹ ó kàn máa fi ọwọ́ rò ó títí.

Irú kìíní ni sasame, asẹ́ tí wọ́n fi amọ̀ kan náà mọ tí wọ́n sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ẹnu ìkòkò látinú, pẹ̀lú ihò kéékèèké tó pọ̀ lọ jàra. Kò sí irin kankan tó kan tíì yín, kò sì sí ohun tó máa já tàbí tó máa tẹ̀ nínú rẹ̀ ju pé kí ìkòkò fúnra rẹ̀ fọ́. Fún sencha gbọọrọ àti gyokuro, kò sí èyí tí mo fẹ́ràn jù ú lọ.

Irú kejì ni obi-ami. Obi ni ọ̀já tí wọ́n ń dì mọ́ kímónò, orúkọ náà sì ro ó: àwọ̀n irin tí kì í dípẹtà lọ yí inú ìkòkò ká bí ọ̀já. Omi lè gba ibikíbi jáde, nítorí náà tí ewé bá dí ọ̀nà kan, ó ku ọ̀nà mìíràn. Fukamushi ni wọ́n ṣe é fún. Àléébù rẹ̀ ni pé ìyẹ̀fun ewé máa ń há sí etí àwọ̀n, tí ẹ bá sì ń fi ìka họ ọ́ lójoojúmọ́, àwọ̀n á ṣí kúrò lára amọ̀ lọ́jọ́ kan.

Ìkẹta ni kago-ami, agbọ̀n irin tí ẹ lè fà yọ. Ẹ fà á, ẹ gbọ̀n ewé dànù, ó parí. Òun ló rọrùn jù láti fọ̀, òun náà sì ni mo fẹ́ràn kéré jù. Ewé sencha máa ń fẹ̀ tí omi bá wọ̀ ọ́, agbọ̀n kò sì fún un láyè. Èyí tó tún burú ni pé tí ẹ bá fẹ́ rẹ ife kan ṣoṣo, omi á dúró sí ìsàlẹ̀ agbọ̀n, ewé á jókòó sókè, wọn ò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé. Tí ó bá jẹ́ agbọ̀n nìkan lẹ rí rà, ẹ yan èyí tó jìn tó sì fẹ̀ dé ìdí ìkòkò.

Mo dán méjì àkọ́kọ́ wò pa pọ̀ ní àárọ̀ Sátidé kan. Fukamushi kan náà, gíráàmù 5 sínú ìkòkò kọ̀ọ̀kan, omi mílílítà 180, dígírì 75, ìṣẹ́jú àáyá 40. Kyusu pupa tó ní asẹ́ amọ̀ ni mo kọ́kọ́ dà. Ife kìíní kún wẹ́rẹ́. Níbi tí mo ti fẹ́ kún ìkejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kán tó, tó, tó. Mo mì í, ó dà díẹ̀, ó tún dúró. Mo ṣí ọmọrí: ewé ti lẹ̀ mọ́ asẹ́ bí amọ̀ ara ògiri. Kí ó tó kán tán, ewé ti lo ju ìṣẹ́jú kan àbọ̀ lọ nínú omi, ife kejì sì ń fa ahọ́n pọ̀ bí kaṣú. Obi-ami dà lẹ́ẹ̀kan náà, ó tán. Àwọ̀ rẹ̀ ṣú bí omi tí a fi fọ ewúro (àwọ̀ nìkan o), gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ díẹ̀ sì sùn sí ìdí ife. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn kò ní kó má sí nínú fukamushi, ẹ mì ín pọ̀ kí ẹ mu ún.

Nígbà tí mo fi sencha gbọọrọ tún un ṣe, ọ̀rọ̀ yí padà. Àwọn méjèèjì dà dáadáa, ṣùgbọ́n ti asẹ́ amọ̀ mọ́ gaara ju ti àwọ̀n lọ. Nítorí náà tí ẹnì kan bá ní kyusu kan dára ju èkejì lọ, ẹ bi í pé: fún ewé wo?

Amọ̀ pupa, amọ̀ elésè àlùkò, tánganran, irin

Ìlú méjì ni orúkọ wọn ń jáde jù. Tokoname wà ní ìpínlẹ̀ Aichi, ọ̀kan nínú ibi mẹ́fà tí Jàpáànì kà sí ojúbọ iṣẹ́ amọ̀ láti ayébáyé. Amọ̀ wọn ní irin nínú, tí atẹ́gùn bá sì wà nínú iná ààrò dáadáa, yóò pọ́n rokoṣo. Tí wọ́n bá dín atẹ́gùn kù, amọ̀ kan náà á dúdú. Ìkòkò pupa ìlú Yixing ní Ṣáínà ni wọ́n wò ṣe tiwọn. Sugie Jumon ló mọ ti Tokoname jáde ní 1854, ní 1878 wọ́n sì tún pe oníṣẹ́ ọ̀nà kan láti Ṣáínà, Jin Shiheng, kí ó wá kọ́ wọn ní bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ lù ú jáde láti ara amọ̀ pẹlẹbẹ. Iṣẹ́ náà gbayì débi pé ní 1998 ìjọba Jàpáànì fi oyè tó ga jù fún oníṣẹ́ ọwọ́ dá amọ̀kòkò kan lọ́lá níbẹ̀, Yamada Jozan kẹta, nítorí kyusu tó ń mọ.

Banko ni ti Yokkaichi ní ìpínlẹ̀ Mie, ní òdì kejì omi ọ̀sà Ise sí Tokoname. Ọ̀rúndún kejìdínlógún ni Numanami Rozan, oníṣòwò tó tún ń mọ ìkòkò, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ òǹtẹ̀ "banko fueki" sí ìdí iṣẹ́ rẹ̀, tó túmọ̀ sí pé kò ní yí padà títí ayé. Àwọ̀ elésè àlùkò tó ń pọ́n bí obì gbígbẹ ni wọ́n fi ń dá kyusu wọn mọ̀, atẹ́gùn díẹ̀ nínú ààrò ló ń fún un ní àwọ̀ yẹn.

Kí ni amọ̀ ń ṣe fún tíì? Àwọn tó ń tà á máa ń sọ pé irin inú amọ̀ tí a kò fi ohun dídán bò ń rọ ìkorò. Ní ẹnu tèmi, mo gbà pé tíì inú Banko rọ̀ díẹ̀ ju ti inú tánganran lọ. Díẹ̀ ni mo wí. Kò sí amọ̀ tó máa sọ ewé burúkú di ewé rere, ìwọ̀n gbígbóná omi sì ju gbogbo amọ̀ lọ. Láàárín Tokoname àti Banko fúnra wọn, mi ò rí ìyàtọ̀ tí mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà lé. Ẹ mú èyí tí asẹ́ rẹ̀ bá ewé yín mu.

Ohun tí amọ̀ ń ṣe láìsí iyèméjì ni pé ó ń mú òórùn. Ẹ̀yin tí ẹ ti mu omi nínú àmù tuntun rí mọ bí amọ̀ ṣe ń ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lẹ́nu. Tí ẹ bá ń rẹ hojicha, ewé tí wọ́n yan títí tó fi ń ta sánsán bí ẹ̀pà yíyan, nínú kyusu amọ̀, tí ẹ tún wá rẹ gyokuro sínú rẹ̀ lọ́la, ẹ ó gbọ́ òórùn hojicha. Ẹni tó ń mu oríṣiríṣi ni tánganran yẹ, irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní ìlú Arita àti Hasami. Kò fi nǹkan kan kún tíì, kò yọ nǹkan kan kúrò, ẹ sì lè fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ó máa ń gbóná mọ́ èèyàn lọ́wọ́ ni, ṣùgbọ́n ewé tó nílò omi híhó ni ẹ ó ti mọ̀ ọ́n.

Irin ńkọ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró níbí díẹ̀, nítorí òun ni wọ́n fi ń mú àwọn tó fẹ́ ra ẹ̀bùn ìgbéyàwó. Nǹkan méjì ló wà, wọ́n sì jọra bí ìbejì. Tetsubin ni kẹ́tù irin, tí àwọn ará Morioka àti Oshu ní ìpínlẹ̀ Iwate lókìkí fún. Omi ni wọ́n ń fi í hó lórí iná, inú rẹ̀ sì jẹ́ irin lásán. A kì í rẹ ewé sínú rẹ̀, torí oje ewé tíì àti irin kì í pàdé kí omi má dúdú. Èkejì ni kyusu irin: ó kéré, wọ́n fi ohun dídán bo inú rẹ̀, asẹ́ agbọ̀n wà nínú rẹ̀. Ìyẹn kì í gun orí iná láéláé. Èmi ra tèmi ní ìsọ̀ kan tí mi ò ní dárúkọ. Onítajà ní kò séwu tí n bá gbé e sórí gáàsì kí tíì má bàa tutù. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ohun dídán inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bó bí ìpẹ́ ẹja. Kódà láìsí iná, irin tó nípọn bẹ́ẹ̀ kò bá sencha lò. Tí ó bá tutù, ó gba ooru omi lójijì. Tí ẹ bá sì ti fi omi gbígbóná ṣan án, á máa se ewé lọ láàárín rírẹ kìíní àti ìkejì. Ẹ fi ṣe ọ̀ṣọ́, tàbí kí ẹ máa fi rẹ hojicha.

Ìwọ̀n rẹ̀

Ibí ni àwa Yorùbá ti máa ń ṣi í ṣe, nítorí a kì í ra ìkòkò kékeré. Àlejò lè dé. Kyusu kì í ṣe ìkòkò àríyá. Fún ẹnì kan tàbí méjì, mílílítà 200 sí 300 tó, fún gyokuro kò tiẹ̀ yẹ kí ó ju 150 lọ. Ewé kan náà ni ẹ ó rẹ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí náà ife kékeré mẹ́ta ni ẹnì kan máa mu kí ìkòkò tó sinmi. Tí ẹ bá wá ra èyí tó gba lítà kan, tí ẹ da omi ife méjì sí i, ewé á tẹ́ pẹlẹbẹ sí ìdí rẹ̀, ooru á sì ti sá lọ.

Ewé yín, omi yín

Nínú ewé tíì, ohun tó ń korò tó sì ń fa ahọ́n pọ̀ máa ń jáde wàrà tí omi bá gbóná gan-an. Ohun tó ń dùn bí omi ẹja, èyí tí Àǹtí gbọ́, máa ń jáde nínú omi tí kò gbóná tó bẹ́ẹ̀ náà. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í da omi híhó lé sencha. Kò sì dìgbà tí ẹ bá ra ohun èlò tó ń wọn ooru. Nígbàkúùgbà tí ẹ bá da omi láti inú ohun kan sí òmíràn, bí dígírì mẹ́wàá ló ń lọ. Ẹ da omi híhó sínú kyusu òfìfo, ẹ dà á sínú àwọn ife, ẹ dà á sínú yuzamashi, abọ́ ẹlẹ́nu tí wọ́n ń fi omi sí kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó ti tó dígírì 70. Ìkòkò àti ife sì ti gbóná tán.

Fún sencha gbọọrọ: dígírì 70 sí 80, bí ìṣẹ́jú kan. Fukamushi fẹ́ omi kan náà, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 45 tó fún un, torí pé ó ti rún. Fún ènìyàn méjì, gíráàmù 4 tàbí 5. Ẹ má mì ín, ẹ má rò ó. Ẹ dà á díẹ̀díẹ̀ sí ife kìíní, sí ìkejì, kí ẹ tún padà láti ìkejì sí ìkíní, kí ti ẹnì kan má bàa gan ju ti ẹnì kejì lọ. Ẹ dà á dé ẹ̀kán tó kẹ́yìn, nítorí ibẹ̀ ló gan jù, omi tó bá sì ṣẹ́ kù sílẹ̀ á ba rírẹ kejì jẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ọmọrí díẹ̀ kí ewé má bàa jinná nínú ooru ara rẹ̀. Ìkejì kò nílò ju ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 15 lọ, pẹ̀lú omi tó gbóná díẹ̀ sí i.

Gyokuro jẹ́ ewé tí wọ́n bò mọ́lẹ̀ fún oòrùn fún nǹkan bí ogún ọjọ́ kí wọ́n tó já a. 1835 ni wọ́n máa ń kà sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, lọ́wọ́ Yamamoto Kahei, oníṣòwò tíì láti Edo, tí à ń pè ní Tokyo lónìí. Dígírì 50 sí 60, ìṣẹ́jú méjì, omi tó kàn bo ewé ni. Ohun tó máa jáde kò kún ife ògógóró méjì, ó sì máa ń wúwo lẹ́nu bí ọbẹ̀ tí irú pé sí. Òun ni hohin àti shiboridashi wà fún. Tí ẹ kì í bá mu gyokuro, ẹ má ra wọ́n.

Hojicha àti genmaicha (ewé tí wọ́n pò mọ́ ìrẹsì yíyan) kò ní ìyọnu kankan. Omi híhó, ìṣẹ́jú àáyá 30. Uwade ńlá tàbí ìkòkò alágbọ̀n tó fún wọn, ibẹ̀ sì ni ẹ ti lè pe àlejò.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀n, ẹ wo inú kẹ́tù yín. Ẹfun funfun tó lẹ̀ mọ́ ọn yẹn wà nínú tíì yín náà. Ọṣẹ kì í hó dáadáa nínú omi ìlú yìí, bẹ́ẹ̀ omi tó fẹ́lẹ́ ni ọ̀pọ̀ ìlú ní Jàpáànì ń lò. Sencha tí mo fi omi ẹ̀rọ rẹ wà lójú bí omi tí wọ́n fi fọ abọ́, òkè rẹ̀ sì ní ìpele kan tó ń dán. Mo fi jọ́ọ̀gì alásẹ́ ṣe é lọ́jọ́ kejì, ewé kan náà, ó dà bí ẹni pé mo lọ ra òmíràn. Kí ẹ tó ná owó rẹpẹtẹ lórí kyusu tí wọ́n fi ọwọ́ mọ, ẹ tún omi ṣe ná.

Tí ó bá dé ọwọ́ yín

Ní ìsọ̀, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ bu omi sí i. Ẹ dà á: ṣé ó ń já geere, àbí ó ń ro sí àgbọ̀n ìkòkò? Ẹ wá fi ìka dí ihò kékeré tó wà lórí ọmọrí, kí ẹ tún dà á. Tí omi bá dúró, ọmọrí náà bá ara ìkòkò mu. Àwọn tó mọṣẹ́ máa ń lọ ọmọrí àti ìkòkò mọ́ra wọn títí wọ́n á fi di ọ̀kan, ìdí nìyẹn tí ọmọrí kyusu kan kì í fi í bá òmíràn lọ. Tí ẹ bá ń lò ó nílé, ẹ kọ ihò náà sí ọ̀nà ẹnu ìkòkò.

Èyí tí wọ́n fi mọ́dà ṣe kò ní wọ́n bí èyí tí wọ́n fi ọwọ́ mọ, tí wọ́n mọ ara, ẹnu, ìdìmú, ọmọrí àti asẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó lẹ̀ wọ́n pọ̀. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ti mọ́dà dára. Èmi ṣì ń lo tèmi.

Ẹ ó tún rí rọ́bà kékeré kan lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú wọn. Odindi oṣù mẹ́ta ni mo fi lo tèmi pẹ̀lú rọ́bà yẹn, mo rò pé ara ìkòkò ni. Kí ẹnu rẹ̀ má bàa hán lójú ọ̀nà ni wọ́n ṣe fi í sí i. Ìdọ̀tí tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo yọ ọ́, mi ò ní ṣàpèjúwe rẹ̀. Ẹ yọ ọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé e délé.

Fífọ̀ rẹ̀ kò le. Ẹ kó ewé dànù, ẹ ṣan án pẹ̀lú omi gbígbóná, ẹ da omi gba ẹnu rẹ̀ padà sẹ́yìn kí asẹ́ lè mọ́, ẹ ṣí i sílẹ̀ kí ó gbẹ. Tí ó bá jẹ́ amọ̀ tí kò ní ohun dídán lára, ọṣẹ kò gbọ́dọ̀ kàn án, torí á mú òórùn ọṣẹ náà bó ṣe ń mú ti ewé.

Ibẹ̀ ni Àǹtí ti dá mi dúró. Wọ́n ti fẹ́ mú Tokoname pupa, wọ́n ti ń fọwọ́ pa á lára tipẹ́. "Kò gbọdọ̀ rí ọṣẹ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí. "Láéláé?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n rọra gbé e padà sórí àwo. "Ìkòkò tí a kì í fi ọṣẹ fọ̀ kò lè wọ ilé ìdáná mi." Tánganran Hasami ni wọ́n rà, ìdìmú ẹ̀yìn, agbọ̀n irin tó jìn dé ìdí, mílílítà 300. Genmaicha ni wọ́n ń mu nínú rẹ̀ ní Ìbàdàn báyìí, pẹ̀lú omi híhó.